Afárá Isáò

Ẹni tó bá tún wá bá mi pé ìwé àwọn ará Japan ló pa ọkọ mi, màá lé e jáde kúrò nínú ẹbu mi, níbi tí mo ti ń se ẹyìn tí mo ti ń fún epo, ìbáà jẹ́ ìyàwó pásítọ̀. Ó ti tó gẹ́ẹ́! Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń gbọ́ ọ, tí mo ń mi orí, tí mo ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí irú ẹ̀." Mi ò mi orí mọ́.

Mildred ni orúkọ mi. Ìkọ̀yà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo lọ́kọ sí. Mo lẹ́nu, mi ò ní purọ́. Tí oníbàárà kan bá fi ọ̀rọ̀ rírùn gún mi nínú lórí kẹ́ẹ̀gì epo kan, kó tó rí ọ̀kadà tó máa gbé e padà sí Òkìtìpupa, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ irú ẹni tó jẹ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn, ọkọ mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ́ mi.

Rufus ni ọkọ mi. Akọ̀pẹ ni. Àwọn ọ̀pẹ gíga tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè sí i. Àwọn ọ̀pẹ kúkúrú ìsinsìnyí tí èèyàn lè dúró sílẹ̀ fi dòjé gé, kò kà wọ́n sí ọ̀pẹ rárá, ó ní ewébẹ̀ ni wọ́n. Òun á gé ìdì ẹyìn lulẹ̀, èmi á ṣà á, màá sè é, màá fún un. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ń kọsẹ̀ lára àgbá, ó ń na ọwọ́ sí ife kó tó rí i, mo sì ń bú u pé kò fara balẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú l'Ókìtìpupa, dókítà tan iná sí i lójú, ó mí kanlẹ̀, ó ní a ti pẹ́ jù, ohun tó bàjẹ́ wà lẹ́yìn ẹyinjú, iṣẹ́ abẹ kankan ò lè dá a padà. Kí ọdún tó yí po, ọkọ mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sán àti òru mọ́.

Ẹ wo ọkùnrin tó máa ń wà lókè kí oòrùn tó yọ, tó wá di ẹni tó ń jókòó sí ìloro láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń ka ìgbésẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, ó lè tutù síwájú rẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Mo ti gbọ́." Èmi tí mo fẹ́ràn ìjà, kò sẹ́ni tí mo lè bá jà nínú ilé mọ́.

Lọ́jọ́ kan mo ti ọjà dé, mo ń pè é, mi ò gbọ́ ọ. Ohùn kan wá dá mi lóhùn láti òkè. Háà! Rufus ti wà ní agbedeméjì ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa, ó sinmi sínú igbà rẹ̀, okùn tí wọ́n fi ń gùn ún, bí ẹni tó jókòó sórí àga.

Mo ní, "Bàbá Fẹ́yì, ṣé orí yín pé? Ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

"Ìyá Fẹ́yì, ọ̀pẹ ò béèrè ojú lọ́wọ́ èèyàn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń béèrè."

"Ẹ wá sọ ọ́ fún mi nílẹ̀ níbí!"

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń yangàn. Lálẹ́, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi Mildred. Mo ní, "Tí ẹ bá tún gun ọ̀pẹ, ẹ máa sọ mí di opó. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?" Mo gbé igbà náà pamọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ̀ kò jẹun, ó ní akọ̀pẹ tí igbà rẹ̀ ò sí lára ògiri yàrá rẹ̀, kí wọ́n kúkú gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá, wọ́n ní mò ń fi ìyà jẹ afọ́jú. Mo gbé igbà rẹ̀ fún un. Àtìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: bí ọkọ mi ò ṣe ní kú sórí ọ̀pẹ.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Fẹ́yìsayọ̀, obìnrin ni. Yunifásítì tó wà l'Ókìtìpupa ló ń lọ, ọdún kẹta rẹ̀ nìyẹn, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń gun ọ̀kadà wá sílé. Ọmọ náà fẹ́ràn ìwé alàwòrán tí àwọn ará Japan ń yà, tí wọ́n ń pè ní mángà. Inú fóònù ló ti ń kà á. Nígbà tó rí i pé bàbá òun ò sọ̀rọ̀ mọ́, ó fa àpótí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ọ̀kan fún un sí èdè Ìkálẹ̀, á ka ọ̀rọ̀, á júwe àwòrán. "Dádì, òkè ńlá kan nìyí, yìnyín bo orí ẹ̀. Ọkùnrin kan dúró nísàlẹ̀, ó gbé àáké lé èjìká, irun ẹ̀ rí wúruwùru."

"Aṣọ wo ló wọ̀?"

"Aṣọ tó ti ya."

"Èèyàn mi ni," ni Rufus wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Oṣù márùn-ún ni mi ò ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo sá wọ inú yàrá lọ, mo nu ojú mi.

Isáò ni wọ́n ń pe ọkùnrin inú ìtàn náà, agégi ni. Àwọn ọmọdé abúlé rẹ̀ sùn, wọn ò jí mọ́. Ẹyẹ dúdú kan wá pè é pé iná tó lè jí wọn wà ní ìlú àwọn òkú, kó lọ mú un wá. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà lẹ́ẹ̀kẹta. Fẹ́yì ṣàlàyé fún wa pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri ayé, ọ̀nà kan náà sì ni wọ́n ń tọ̀: wọ́n á pe ẹnì kan, á kúrò nílé, á san nǹkan lẹ́nu ibodè, á wọ ibi òkùnkùn, á sì mú nǹkan bọ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Rufus bi í pé, "Ẹni tí kò bá mú nǹkan bọ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ó kàn rìn lásán ni, Dádì."

Èmi ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láti ibi tí mo ti ń bó iṣu. Mo ní, "Ọmọ Japan tí kò jẹ ẹ̀bà rí lẹ wá ń tẹ́tí sí. Tí èmi tí mo ń se oúnjẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ ó ní ẹ ti gbọ́." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́ fún yín.

Àfi ìgbà tí ìtàn dé ẹnu ibodè. Obìnrin arúgbó kan ló jókòó síbẹ̀, ó ní kí Isáò san owó ìwọlé, ojú rẹ̀ méjèèjì lòun máa gbà. Isáò sì fún un. Mo rí bí ọwọ́ Rufus ṣe dúró lórí abọ́ ọbẹ̀.

"Lẹ́yìn tó gba ojú ẹ̀, ó ṣì ń lọ?"

"Ó ṣì ń lọ, Dádì. Ibẹ̀ gan-an ni ìrìn àjò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ara ọkọ mi ò ti balẹ̀. Ó sọ igbà rẹ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó ń fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń pọ́n àáké. Tí mo bá béèrè, á ní òun kàn ń fi ọwọ́ ṣeré ni. Mo pe Fẹ́yì sẹ́yìn ilé, mo ní kó dá ìwé yẹn dúró. Ó ní, "Mọ́mì, ìtàn lásán ni. Ṣé ẹ ò rí i pé ó ti ń jẹun ni?" Òótọ́ ni, ó ti ń jẹun. Mo fi ọmọ náà sílẹ̀.

Mo wá ṣe ohun tí mo ṣe. Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá dàgbà sídìí ọ̀pẹ máa pè mí ní apààyàn láìgbọ́ ẹjọ́ mi. Akọ̀pẹ ni bàbá mi, akọ̀pẹ ni àbúrò rẹ̀, akọ̀pẹ ni ọkọ mi. Láyé mi, mi ò rí akọ̀pẹ kan rí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kó tó dán igbà wò. Tó bá ti ta á yí ọ̀pẹ ká tó sì dè é, á fi ìdí jókòó sínú rẹ̀, á sì fi gbogbo agbára fà á sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Tí igbà bá máa já, ibẹ̀ ló máa já sí. Ẹni náà á jókòó sílẹ̀ gbàgà, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, ó tán.

Rufus ò fi ọjọ́ kan yẹ ìdánwò yẹn sílẹ̀ rí. Kódà lọ́jọ́ tí mo bá a lókè yẹn, ó ní òun ti dán an wò. Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó wà ní balùwẹ̀, mo mú igbà rẹ̀. Apá ibi tó máa ń gbé ẹ̀yìn lé, aṣọ àlòkù la fi wé e kó má baà bó o lára. Mo tú aṣọ náà, mo fi ọ̀bẹ gé okùn inú rẹ̀, mo fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀, mo tún wé aṣọ náà lé e bó ṣe wà. Tó bá fà á, á já. Á jókòó sílẹ̀. Á rò pé igbà ti gbó, pé òun náà ti gbó, kò sì ní sí ẹni tó lè hun òmíràn bíi tirẹ̀ fún un. Kódà mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sílẹ̀. "Bàbá Fẹ́yì, ẹ jẹ́ ká wọlé, ọ̀pẹ ti dá yín dúró." Mo ní màá rọra sọ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni. Fẹ́yì ń kàwé fún un ní ìloro, èmi àti Oyèbádé wà nínú ẹbu lẹ́yìn ilé. Oyèbádé ni akọ̀pẹ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ látìgbà tí ojú Rufus ti lọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti bímọ mẹ́ta. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹyìn ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n ń kà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Oyèbádé fò dìde.

"Ìyá, Bàbá mà ń lọ sídìí ọ̀pẹ o!"

Mo wẹ̀yìn. Rufus ni, ó ń fi ọwọ́ kan ògiri lọ, igbà wà léjìká rẹ̀, ó ki àáké bọ bẹ́líìtì. Fẹ́yì ti wọlé lọ wẹ̀.

Mo ní, "Fi í sílẹ̀."

"Ìyá?"

"Mo ní kó o fi í sílẹ̀! Pa ẹ̀rọ yẹn, kó o tẹ̀ lé mi."

Mo ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló ń gbọ́ mi, bí mo ṣe ń nu epo kúrò lọ́wọ́, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ó tán lónìí.

Rufus dé ìdí ọ̀pẹ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, ó ta igbà yí i ká, ó mú u, ó dè é. Mo dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ara ọ̀pẹ. Mo ní ó kù díẹ̀, ó máa fà á báyìí. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé e. Kò fà á. Kò jókòó sínú rẹ̀. Ó fara mọ́ ọ̀pẹ bí ẹni tó ń gun àkàbà, ó ti igbà sókè, ó tẹ̀ lé e, ó tún tì í sókè. Èmi ṣì dúró bí òmùgọ̀, mò ń retí ìdánwò. Nígbà tí ojú mi fi máa là, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ga ju orí mi lọ.

Mo pariwo. "Bàbá Fẹ́yì! Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Igbà yẹn ò dáa!"

Ó dúró, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀! Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá Isáò ṣe pè é lẹ́yìn! Ó ní okùn ti jẹrà!"

"Èwo ni Isáò? Mo ní igbà ò dáa! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

"Ẹni tó bá dáhùn ló ń ṣubú, Ìyá Fẹ́yì! Mi ò dáhùn o!" Ó ń gòkè lọ.

Ó yẹ kí n sọ ọ́. Ó yẹ kí n ní, "Èmi ni mo gé e." Ìyẹn ò sí nínú ìwé wọn. Ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀ ni, ì bá sọ̀ kalẹ̀, ì bá nà mí lójú gbogbo ayé, ì bá sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n Oyèbádé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń rò: mò ń rò pé tí akọ̀pẹ yìí bá gbọ́, gbogbo Ìkọ̀yà á gbọ́ pé Mildred gé igbà ọkọ rẹ̀. Ojú tì mí. Èmi tí mo lẹ́nu, ẹnu mi wúwo.

Mo ní kí Oyèbádé sáré lọ mú igbà tirẹ̀ wá kó gùn tẹ̀ lé e. Ó sáré. Ó wá ku èmi àti ọkọ mi nìkan, kò sí ojú tó ń wò mí mọ́. Ó ti dé orí ọ̀pẹ. Ó ń fi ọwọ́ wá ìdì ẹyìn láàárín imọ̀ ọ̀pẹ, ó rí i, ó fa àáké yọ. Ó gé e lẹ́ẹ̀kan, ó gé e lẹ́ẹ̀kejì. Mo la ẹnu pé kí n sọ ọ́. Ìdì ẹyìn já, ó balẹ̀ gbì níwájú mi, mo fò sẹ́yìn. Ọkọ mi bá rọ́ ara sẹ́yìn sínú igbà láti sinmi, pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ti parí ọ̀pẹ kan. Mi ò ní sọ bó ṣe balẹ̀.

Nínú takisí tí a fi gbé e lọ sí Òkìtìpupa, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Fẹ́yì wà níwájú pẹ̀lú awakọ̀, ó ń ké. Rufus fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi.

"Mildred." Kì í fi orúkọ pè mí. "Ṣé ó já?"

"Kí ló já?"

"Ìdì ẹyìn."

"Ó já."

"Ṣé ó pọ́n?"

"Ó pọ́n, Bàbá Fẹ́yì. Ó pọ́n dáadáa."

Ó mí. Ó ní, "Mo mú nǹkan bọ̀." A ò tíì wọ ìlú tí ọwọ́ náà fi tutù.

Orí bẹ́ńṣì ọsibítù ni Fẹ́yì ti sọ fún mi. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní, "Mọ́mì, èmi ni mo pa á." Ó ní lówùúrọ̀ yẹn, Isáò dé orí afárá kan, okùn ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀gbun wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ afárá sọ fún un pé ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ dán okùn wò, okùn á já. Ẹni tó bá gbé gbogbo ara lé e láìdán an wò, á dé òdìkejì. Ohùn ìyá rẹ̀ sì ń pè é lẹ́yìn pé okùn ti jẹrà, kó padà, kò gbọ́dọ̀ dáhùn. Fẹ́yì ní bàbá òun ní kí òun tún un kà, òun sì tún un kà. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á fún un, Mọ́mì. Ó ní kí n lọ wẹ̀. Mi ò mọ̀."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí kò fi dán an wò. Ìgbà yẹn náà ló yẹ kí n dá ọmọ mi dúró kí n ní kì í ṣe ìwọ. Mo gbá a mọ́ra, mo ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo ní, "Má sunkún mọ́." Ìyẹn nìkan ni mo sọ.

Ọjọ́ kejì, Oyèbádé wá sílé. Inú àpò ìrẹsì ló kó igbà tó já náà sí. Akọ̀pẹ ni, kò sí bó ṣe máa wo ojú ibi tó ti já tí kò ní mọ ohun tí ọ̀bẹ ṣe. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ sun ún. Mi ò rí nǹkan kan." Mo kì í bọ abẹ́ àgbá, mo fi se ẹyìn. Láti ọjọ́ náà, kò bá mi ṣiṣẹ́ mọ́.

Àwọn ará ìjọ wá. Ìyàwó pásítọ̀ ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń bẹ nínú ìwé àwọn ará Japan, òun ló pe Rufus lọ sókè. Wọ́n ní kí Fẹ́yì pa ìtàn náà rẹ́ kúrò nínú fóònù lójú gbogbo wọn. Ọmọ náà pa á rẹ́. Wọ́n wò mí, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé náà ni." Ẹ̀yin èèyàn, mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹnu ara mi di ẹrù náà lé ọmọ mi lórí.

Oṣù mẹ́rin. Kò padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ìdánwò dé, ó kọjá. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á fọwọ́ kàn án, á gbé e sílẹ̀. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Láti ẹ̀yìn ògiri yàrá ni mo ti ń gbọ́ ọ, tó ń sunkún tó ń bẹ bàbá rẹ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé tó bá di ọ̀la, màá sọ fún un. Tí ọ̀la bá dé, màá sọ pé kó kọ́kọ́ sanra díẹ̀, kára rẹ̀ lè gbà á. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún mi láyé nìyẹn, tó bá gbọ́, kí ló máa pè mí?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo wá a nínú yàrá, mi ò rí i. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Fẹ́yì dúró nídìí ọ̀pẹ yẹn, kò wọ bàtà, igbà tuntun kan wà lára rẹ̀. Apá Osooro ló ti lọ rà á, mi ò mọ ìgbà tó lọ. Ọmọ tí kò gun igi ìbẹ́pẹ rí ti ta igbà yí ọ̀pẹ ká, ó so ó ní ìsokúso, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lára ọ̀pẹ.

"Fẹ́yìsayọ̀! Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

Ohùn rẹ̀ tutù. "Mọ́mì, nínú ìtàn yẹn, ẹni tó bá rán èèyàn lọ sí ìlú òkú, òun náà ló gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ lọ mú un bọ̀. Ẹlòmíràn ò lè bá a lọ."

"Ìtàn ni, Fẹ́yì! Ìtàn lásán ni!"

"Mo mọ̀ pé ìtàn ni. Mi ò ya wèrè, Mọ́mì. Ó kàn rẹ̀ mí ni." Ó gbé ẹsẹ̀ kejì lé e.

Mo sáré, mo di itan rẹ̀ méjèèjì mú. Mo ní, "Ìwọ kọ́ lo rán an lọ. Èmi ni. Èmi ni mo gé igbà bàbá ẹ." Ó ní kí n má tàn án jẹ. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe di í mú bẹ́ẹ̀: Ọjọ́bọ̀, balùwẹ̀, aṣọ tí mo tú tí mo tún wé, ìdánwò tí mò ń dúró dè, Oyèbádé àti àpò ìrẹsì. Mo ní, "Ká ní igbà ẹ̀ pé ni, ì bá gùn ún, ì bá sọ̀ kalẹ̀, ìwé ì báà ní kó má dán an wò. Ọ̀bẹ mi ló pa á. Ìwé rẹ ò ṣe é ní nǹkan kan."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tú igbà kúrò lára rẹ̀, ó pẹ́ kó tó tú u, mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó sún kúrò. Mo ń retí pé á pariwo, pé á gbá mi létí. Ó kàn wò mí. Ó bi mí ní nǹkan kan ṣoṣo.

"Oṣù mẹ́rin tí mo fi ń sunkún nínú yàrá yẹn, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Mi ò lè purọ́ mọ́. "Mò ń gbọ́ ẹ."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Ó mi orí. Ó wọlé, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó dá ọ̀kadà dúró lójú títì. Mo tẹ̀ lé e títí dé ibẹ̀, mò ń bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn èèyàn, kò sì tì mí lójú mọ́. Kò kí mi pé ó dàbọ̀.

Ó ti padà sí kíláàsì. Adéìfẹ́, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé yàrá l'Ókìtìpupa, ló ń gba ìpè mi ní bòókẹ́lẹ́. Ó ní Fẹ́yì ń jẹun, ó ní ó ń sùn. Ó ní òun tọrọ gáfárà, Fẹ́yì ní tí mo bá fi owó tàbí gàárì ránṣẹ́, kí òun dá a padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ. Mo dúró sí òdìkejì títì ní iwájú ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà láti àárọ̀, mo fi gèlè bo iwájú orí. Nígbà tó di ọ̀sán, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ó rí mi. Ó dúró, ó wò mí, ó yíjú, ó sì bá àwọn yòókù lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ó ra ìrẹsì, ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán. Mo dúró títí ó fi jẹ ẹ́ tán, kí n tó wá ọ̀kadà tó ń lọ sí Ìkọ̀yà. Ó ti sanra díẹ̀.